BÀÁLÙ KÌ Í ṢE TI OLÓWÓ NÌKAN

A mọ̀ pé bí àwọn mìíràn bá rí àkọlé ọ̀rọ̀ wa ti òní, ẹ̀rín ni wọ́n máa rín. Wọ́n á ní: "Ta ló ń sọ̀rọ̀ bàálù níbi tí gààrí ti wọ́n? Kí ló kan ẹni tó ń gun ọ̀kadà lọ sóko pẹ̀lú pápákọ̀ òfuurufú?" Ìbéèrè gidi ni. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ dáhùn rẹ̀ kí a tó máa bọ́rọ̀ lọ, nítorí ìwé ìròyìn tó bá ń fi àsìkò àwọn tó ń kà á ṣòfò kò yàtọ̀ sí ìjọba tó ń fi owó ìlú ṣòfò.

Ẹ wo àdúgbò yín. Agbo ilé wo ni kò ní ọmọ lókè òkun lónìí? Bí ọmọ náà bá ń bọ̀ wá kí bàbá rẹ̀ láti Lọ́ńdọ̀n tàbí Amẹ́ríkà, Ìkẹjà ló máa balẹ̀ sí. Bí ó bá sì ṣẹlẹ̀ pé ó kú sí ìdálẹ̀, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí á rí i, ibẹ̀ náà ni òkú rẹ̀ máa gbà wọlé. Ẹni tó fi ọdún mẹ́wàá tọ́jú owó kí ó lè lọ sí Mẹ́kà, bàálù ni yóò wọ̀, ìbáà jẹ́ láti Èkó, ìbáà jẹ́ láti Ìlọrin. Onígbàgbọ́ tó ń lọ sí Jerúsálẹ́mù, bàálù náà ni. Ìyá àgbà tó ń lọ bá ọmọ rẹ̀ wẹ ọmọ tuntun ní Àbújá, ọ̀pọ̀ wọn ló ti ń wọ bàálù báyìí. Kì í ṣe pé owó pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀rù àwọn ajínigbé ojú ọ̀nà ló ń bà wọ́n. Ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n wọ́ ìyá òun wọ inú igbó lọ, á yá owó, á ra tíkẹ́ẹ̀tì fún un. Ṣé olówó la ó wá pe irú ẹni bẹ́ẹ̀?

Ẹ̀wẹ̀, bí ẹ kò tilẹ̀ ní wọ bàálù títí ẹ ó fi dàgbà dàgbà, owó yín wà níbẹ̀. Ní ìparí oṣù keje ọdún 2025, Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ Ìjọba Àpapọ̀ fọwọ́ sí owó tó lé ní bílíọ̀nù 712 náírà láti fi tún ilé èrò àtijọ́ ṣe ní Pápákọ̀ Òfuurufú Murtala Muhammed ní Ìkẹjà. Bílíọ̀nù 712! Owó ta ni? Kì í ṣe owó bàbá ẹnì kankan. Owó ìlú ni, owó èmi, owó ìwọ. Ẹni tí wọ́n bá fowó rẹ̀ se àsè, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti bi wọ́n pé kí ló wà nínú ìkòkò.

Nítorí náà, ohun tí a fẹ́ bi ìjọba ni èyí: ǹjẹ́ ẹ tilẹ̀ ti bi àwọn èrò ọkọ̀ léèrè pé kí ni wọ́n ń fẹ́?

Ilé èrò tí wọ́n fẹ́ tún ṣe yìí, ọjọ́ 15 oṣù kẹta ọdún 1979 ni wọ́n ṣí i. Wọ́n fi orúkọ Ọ̀gágun Murtala Muhammed pè é, ẹni tí wọ́n pa ní ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 1976. Pápákọ̀ Schiphol ti ìlú Amsterdam ni wọ́n wò kọ́ ọ. Nigeria Airways ṣì wà láyé nígbà náà. Ọdún 2003 ni ìjọba pa á rẹ́. Ní ọdún 2000, ilé èrò ti ìrìnàjò abẹ́lé jóná. Ilé-iṣẹ́ aládàáni kan ló wá kọ́ òmíràn sójú ibẹ̀, èyí tí a ń pè ní MMA2, tí wọ́n ṣí ní ọdún 2007. Ní ọdún 2022, ìjọba tún ṣí ilé èrò tuntun mìíràn, èyí tí wọ́n yá owó lọ́wọ́ orílẹ̀-èdè China láti fi kọ́.

Ẹ ò rí i báyìí pé kì í ṣe ilé ni kò sí. Ilé wà. Ìtọ́jú ni kò sí, ìwà ni kò sí. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá.

Èmi tí mo ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, n kì í ṣe olówó. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà, iṣẹ́ ẹgbẹ́ ni mò ń ṣe láti wọ́ọ̀dù dé wọ́ọ̀dù. Ṣùgbọ́n ó ní ohun tí ojú mi rí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bímọ sí Àbújá, ìkómọ sì bọ́ sí ọjọ́ Sátidé. Ìyá wa ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, orúnkún sì ń dà á láàmú. Àwa ọmọ dáwó jọ, a ra tíkẹ́ẹ̀tì fún èmi àti ìyá. Aago mẹ́rin ìdájí ọjọ́ Jímọ́ọ̀ la kúrò nílé. Kí aago mẹ́sàn-án tó lù, a ti wà ní Ìkẹjà. Aago mọ́kànlá ni wọ́n kọ sí ìwé wa pé bàálù yóò gbéra.

Nígbà tí a dé ibi tí wọ́n ti ń wọn ẹrù, ọmọkùnrin tó wà nídìí òṣùwọ̀n wo èlùbọ́, àdí àgbọn, òrí àti ọṣẹ dúdú tí ìyá dì fún ọmọ tuntun. Ó ní ẹrù ti pọ̀ jù. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Bọ̀dá, ẹ wá nǹkan ṣe sí i." A wá nǹkan ṣe sí i, ẹrù kò sì pọ̀ jù mọ́. Ṣé òṣùwọ̀n ló yí padà ni, àbí ẹrù ló fúyẹ́? Ẹni tó ti kẹ̀kẹ́ tí wọ́n gbé ìyá lé lórí náà kò kúrò lẹ́yìn wa títí a fi fún un lówó.

Aago mọ́kànlá kọjá. Wọ́n ní ó di aago kan. Aago kan kọjá, wọ́n ní ó di aago mẹ́rin. Obìnrin kan ń sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn pẹ̀lú òyìnbó. Ìyá bi mí pé, "Kí ni wọ́n wí?" Mo ní, "Wọ́n ní nítorí iṣẹ́ ni." Ìyá ní, "Iṣẹ́ kí ni? Ṣé àwa la gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn ni?" Àwọn tó jókòó tì wá bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín kò yó ẹni tí ebi ń pa. Kò sẹ́ni tó fún wa ní omi. Nígbà tí ìyá ní òun fẹ́ lọ tọ̀, omi kò yọ nílé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹnì kan jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú bébà lọ́wọ́, ó ń retí owó.

Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni wọ́n tó sọ fún wa pé bàálù kò lọ mọ́, kí a padà wá lọ́jọ́ kejì. Kí a padà láti ibo? Ẹni tó ti òkè ọ̀hún wá, ibo ni yóò padà sí lóru ní Èkó? Orí àga irin ni ìyá mi sùn mọ́jú, ó fi ìró bora. Ọjọ́ kejì, aago méjì ọ̀sán ni a dé ilé ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ti sọ ọmọ lórúkọ láti àárọ̀. Orúkọ tí ìyá mi ti gbé láti ilé wá fún ọmọ-ọmọ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ló kù sí. Wọ́n padà fi orúkọ náà kún un, ṣùgbọ́n wọ́n ti kó omi àti oyin kúrò nílẹ̀. Nígbà tí a tú ẹrù, síìpù rẹ̀ ti fàya, àdí àgbọn ti dà sára èlùbọ́. Ilé-iṣẹ́ bàálù ọ̀hún, a kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí kì í ṣe òun nìkan. Ọ̀pọ̀ nínú yín tó ń ka ìwé yìí ni yóò sọ pé, "Ó ti ṣe mí rí."

Ǹjẹ́ kí ni èrò ọkọ̀ òfuurufú ń fẹ́? Wọn kò béèrè pé kí wọ́n tẹ́ wúrà sílẹ̀.

Èkíní, òtítọ́ ni wọ́n ń fẹ́. Bí ẹ bá wọ dánfó láti Ọ̀jọ́ọ̀ lọ sí Ìwó Road, tí taya bá jò, dẹ́rẹ́bà á bọ́ sílẹ̀, á ní, "Ẹ má bínú, taya ló jò." Ẹ ó rí taya náà pẹ̀lú ojú yín. Ẹni tó bá fẹ́ dúró á dúró, ẹni tó bá fẹ́ wọ òmíràn á gba owó rẹ̀, á lọ. Dánfó tí a ń bú, tí kò ní gíláàsì, ó ń sọ òtítọ́ fún èrò rẹ̀. Kí ló dé tí bàálù olówó ńlá kò lè ṣe bẹ́ẹ̀? Bí ẹ̀rọ ló bàjẹ́, kí wọ́n sọ. Bí ọkọ̀ kò tíì dé láti ìlú mìíràn, kí wọ́n sọ. Kí wọ́n sì sọ ọ́ ní èdè tí ìyá mi gbọ́. Ní Ìkẹjà, Ìbàdàn, Àkúrẹ́ àti Ìlọrin, ó yẹ kí a máa gbọ́ Yorùbá nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, bí ó ti yẹ kí wọ́n máa gbọ́ Haúsá ní Kánò.

Èkejì, omi, àga àti ìmọ́tótó. Èrò fẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí omi ń yọ, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń tì. Ó fẹ́ ibi tí arúgbó lè jókòó sí, kí afẹ́fẹ́ sì wà níbẹ̀. Èyí kò gba bílíọ̀nù. Ó gba ẹni tó ń gbálẹ̀, tí wọ́n san owó oṣù rẹ̀ lásìkò, àti ọ̀gá tó ń wọ inú ibẹ̀ lọ wò lójoojúmọ́.

Ẹ̀kẹta, kí ẹrù ẹni dé bí a ṣe dì í. Àpótí tó lọ láìfàya, kí ó bọ̀ láìfàya. Bí ó bá sì sọnù, kí a rí ẹni tí a máa bi, kì í ṣe ẹni tó máa ní kí a pe fóònù tí kò sẹ́ni tó ń gbé e.

Ẹ̀kẹrin, kí wọ́n jáwọ́ nínú agbe. "Ẹ ṣe wá ní òpin ọ̀sẹ̀", "Ọ̀gá, ọmọ yín rèé o", "Kí lẹ mú bọ̀ fún wa?" Ọmọ tó dé láti òkè òkun lẹ́yìn ọdún márùn-ún, kí ó tó rí ojú ìyá rẹ̀, ó ti pàdé ẹni mẹ́fà tó wọ aṣọ ìjọba, tó ń na ọwọ́ sí i. Ṣé ojú tí a fẹ́ kí ayé fi máa wo ìlú wa nìyẹn?

Ẹ̀karùn-ún, ọ̀wọ̀ fún àgbà àti aláàbọ̀ ara. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Kí àwọn náà má jẹ́ kí àgbà máa wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ ní pápákọ̀, kí wọ́n sì má fi kẹ̀kẹ́ rẹ̀ pa owó.

Ẹ̀yin ará wa, ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé òfin wà. Lọ́jọ́ tí ìyà ń jẹ wá ní Ìkẹjà, n kò mọ̀. Ẹyin náà, ẹ gbọ́ ọ, kí ẹ sì sọ fún aládùúgbò. Àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso ìrìnàjò òfuurufú, NCAA, ti fi òfin lélẹ̀ pé bí ọkọ̀ abẹ́lé bá pẹ́ ju wákàtí kan lọ, ilé-iṣẹ́ bàálù gbọ́dọ̀ fún èrò ní ohun mímu àti ìpápánu. Bí ìdúró náà bá bọ́ sí òru, láàárín aago mẹ́wàá alẹ́ sí aago mẹ́rin ìdájí, wọ́n gbọ́dọ̀ wá ilé ìtura fún un, kí wọ́n sì gbé e débẹ̀. Bí wọ́n bá pa ìrìnàjò rẹ́, owó ẹni jẹ́ ẹ̀tọ́ ẹni. Ní ti ẹrù, Àdéhùn Montreal ti ọdún 1999, tí Nàìjíríà fọwọ́ sí, tí a sì sọ di òfin nílé, sọ pé bí ẹrù bá bàjẹ́, ẹni tó ni ín ní ọjọ́ 7 láti kọ ìwé ẹ̀sùn. Bí ó bá pẹ́ kí ó tó dé, ọjọ́ 21 ni. Bí ọjọ́ wọ̀nyí bá ti kọjá, ẹjọ́ ti bọ́ nìyẹn. Ẹ̀yin ẹ wo àdí àgbọn ìyá mi! A kàn fi omi fọ àpótí náà ni, a gbà á bẹ́ẹ̀.

Ní ti àwọn aláàbọ̀ ara, òfin tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019 pa á láṣẹ pé ilé-iṣẹ́ bàálù gbọ́dọ̀ pèsè kẹ̀kẹ́ tó dára fún wọn, kí wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n ṣáájú wọlé. Ní ti agbe àti agbèrò, ní ọjọ́ 18 oṣù karùn-ún ọdún 2017, Ọ̀jọ̀gbọ́n Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, tó jẹ́ adelé Ààrẹ nígbà náà, fọwọ́ sí àṣẹ pé kò gbọdọ̀ sí agbèrò kankan ní pápákọ̀ òfuurufú àti ibodè, ìbáà jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, ìbáà jẹ́ ará ìta. Àṣẹ ti wà láti ọdún 2017. Ẹni tó bá ti gba Ìkẹjà kọjá láìpẹ́, kí ó sọ fún wa bóyá agbèrò ti kásẹ̀ nílẹ̀.

Wọn kò sì lè sọ pé owó ni kò sí láti fi ṣọ́ òfin. Nínú owó tíkẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, ìdá 5 nínú 100 ni wọ́n ń yọ fún àwọn àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìrìnàjò òfuurufú. Èyí yàtọ̀ sí owó tí èrò ń san fún lílo ilé èrò fúnra rẹ̀. Ìyá mi san owó ọlọ́pàá, kò rí ọlọ́pàá.

A kì í ṣe ẹgbẹ́ tó máa ń fi ojú kan wo ọ̀ràn. Ohun tó bá dára, a ó ní ó dára. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ pinnu pé gbogbo ènìyàn, títí kan Ààrẹ fúnra rẹ̀, gbọ́dọ̀ máa san owó ẹnubodè pápákọ̀. Ìpinnu tó tọ́ ni, a yìn wọ́n. A sì mọ̀ pé àwọn ilé-iṣẹ́ bàálù pẹ̀lú ní ìṣòro tiwọn. Epo wọ́n. Nígbà ọyẹ́, kùrukùru a máa bo ojú ọ̀run, awakọ̀ kò sì gbọdọ̀ fò nínú ohun tí kò lè rí. Ẹyẹ a máa kó sínú ẹ̀rọ. Ọ̀pọ̀ pápákọ̀ nílẹ̀ wa ni kò sì lè gba ọkọ̀ lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ti ṣú, débi pé bí ọkọ̀ kan bá pẹ́ láàárọ̀, gbogbo tó kù ni yóò pẹ́. A kò ní kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀mí èrò wéwu nítorí kí ó lè dé lásìkò. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọyẹ́ ló ní kí omi má yọ nílé ìgbọ̀nsẹ̀. Kì í ṣe ẹyẹ ló ń gba owó nídìí òṣùwọ̀n. Kì í ṣe owó epo ló ní kí wọ́n má sọ òtítọ́ fún arúgbó.

Nítorí náà, kí wọ́n tó ná bílíọ̀nù 712 yẹn tán, a ń béèrè ohun mẹ́rin. Kí wọ́n lẹ ẹ̀tọ́ èrò mọ́ ara ògiri ilé èrò gbogbo, ní lẹ́tà gàdàgbà, ní èdè àwọn ará ibẹ̀. Kí NCAA máa kéde lóṣooṣù, nínú rédíò, iye ìgbà tí ilé-iṣẹ́ bàálù kọ̀ọ̀kan pẹ́ àti iye owó tí wọ́n san padà fún èrò. Kí òṣìṣẹ́ tó bá na ọwọ́ agbe pàdánù iṣẹ́ rẹ̀, kí ọ̀gá rẹ̀ náà sì jẹ́jọ́. Kí wọ́n sì kọ sínú ìwé iṣẹ́ àtúnṣe náà ta ni yóò máa tọ́jú omi, iná àti ìmọ́tótó lẹ́yìn tí agbaṣẹ́ṣe bá ti gba owó rẹ̀ lọ. Ilé tí a kọ́ tí a kò tọ́jú, aláǹgbá ni yóò jogún rẹ̀.

Bí àwọn olóṣèlú bá dé àgbàlá yín pẹ̀lú ìrẹsì àti ańkárá, ẹ bi wọ́n léèrè ohun mẹ́rin yìí. Ẹ bi àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa náà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ bàálù ga ju orí yín lọ. Ìjọba tí kò lè sọ òtítọ́ fún ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, báwo ni yóò ṣe sọ òtítọ́ fún ẹni tó dìbò? Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí kò ní omi ní Ìkẹjà àti ilé ìwòsàn tí kò ní oògùn ní abúlé yín, ọwọ́ kan náà ló ń bà wọ́n jẹ́.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹ tọ́jú káàdì ìdìbò yín. Ẹ kó o sí ibi tí èkúté kò ti ní jẹ ẹ́. Lọ́jọ́ ìdìbò, ẹ rántí ìyá àgbà tó sùn lórí àga irin, tí orúkọ ọmọ-ọmọ rẹ̀ kú sí i lẹ́nu.